Ọ̀gá Kíákíá Tún Tẹ Àná

Apòògùn náà kò kan ilẹ̀kùn. Ó tì í wọlé, ó na fóònù síwájú, ó sì ní kí gbogbo ilé dákẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn olè.

Ohùn náà dùn. "Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín bí àwọn oníbàárà yín ṣe lè dá ọjọ́ tí wọ́n máa wá láti orí fóònù wọn."

Obìnrin tó jókòó nídìí kọ̀ǹpútà mọ ohùn náà dáadáa. Tirẹ̀ ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ṣe fídíò àfihàn fún àwọn tó ní ìkànnì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì: á ká ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ń tẹ ibí tó ń tẹ ọ̀hún, á máa ṣàlàyé, á sì gbé e síta kí aráyé wò ó. Ìkànnì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ṣe eléyìí fún. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti gé orúkọ ìkànnì náà kúrò, ó sì fi ìbẹ̀rẹ̀ fídíò náà ṣe ìpolówó tirẹ̀.

"Ìwọ àti ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní Ọ̀gá Kíákíá lẹ jọ lù mí ní jìbìtì," ni apòògùn wí. "Ó gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ìkànnì tó fún mi, ńṣe ló ń yí róbótó láì ṣí títí di òní."

"Mà, mi ò mọ̀ ọ́n rí."

"Ohùn rẹ mọ̀ ọ́n."

Lọ́jọ́ yẹn gan-an, apòògùn gbé ohùn náà sórí gúrúùpù àwọn oníṣòwò, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n ṣọ́ra fún un. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, oníbàárà méjì ti gba iṣẹ́ wọn padà. Ẹnì kẹta ní òun rò ó pé ohùn ọkùnrin lòun máa lò. Ohùn yìí ni obìnrin náà fi ń jẹun. Tí àwọn èèyàn bá ń gbọ́ ọ tí wọ́n ń di àpò mú, iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Ó dùn ún wọ akínyẹmí ara.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó gba ẹjọ́ náà jẹ́ obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín. Ó pe oní-fídíò wá sí àgọ́. Apòògùn wà níbẹ̀, onígbàjámọ̀ kan tóun náà kó sí ìjàǹbá yìí wà níbẹ̀.

"Báwo ni Ọ̀gá Kíákíá ṣe mú yín?" ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bi wọ́n.

"Ó gbé láptọ̀ọ̀pù wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ gbogbo rẹ̀ lójú mi," ni apòògùn dáhùn. "Kò tiẹ̀ gbéra ga. Ó ṣi ọjọ́ tẹ̀, ó tẹ àná, ìkànnì kọ̀ fún un, ó wá ní, 'Ẹ pẹ̀lẹ́, ọwọ́ ló yọ̀.' Ìyẹn ló jẹ́ kí n fọkàn tán an."

Onígbàjámọ̀ yíjú sí i. "Lọ́dọ̀ tèmi náà, àná ló tẹ̀."

Oní-fídíò bú sẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́rin. Òun ló tẹ àná. Nínú gbogbo fídíò tó bá ṣe, ó máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe àṣìṣe kan, kí àwọn èèyàn lè rí i pé ìkànnì náà gbọ́n tó láti dá wọn dúró. Ọ̀gá Kíákíá kò ní ìkànnì kankan. Ńṣe ló ń pa ohùn inú fídíò náà, á jẹ́ kí àwòrán rẹ̀ gba gbogbo ojú láptọ̀ọ̀pù, á wá máa ti máòsì síwá sẹ́yìn bí òṣìṣẹ́ gidi. Àṣìṣe ẹlòmíì ló ń tọrọ àforíjì fún kiri.

Oníṣègùn eyín kan, ọ̀rẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, bá wọn ránṣẹ́ pe Ọ̀gá Kíákíá wá sí ilé ìwòsàn rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ ra ìkànnì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó rí ọlọ́pàá kan tó wọ aṣọ ilé ṣùgbọ́n tó gbàgbé bàtà iṣẹ́ sẹ́sẹ̀, ó sì yí padà wéré. Ohun tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sọ fún oníbàtà yẹn kò ṣeé kọ síwèé. Nígbà tí wọ́n tún fi pe Ọ̀gá Kíákíá, tí owó tí oníṣègùn dárúkọ sì fà á padà wá, ọlọ́pàá sá pamọ́ sílé kejì, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wọ aṣọ funfun bíi nọ́ọ̀sì, oní-fídíò sì jókòó sẹ́yìn bí aláìsàn, ó fi áńkáṣíìfù di ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Ẹ ṣáà máa wo ọwọ́ mi," ni Ọ̀gá Kíákíá wí. Ọwọ́ náà sì mọ iṣẹ́, ká má purọ́.

"Ó máa tẹ àná báyìí," ni aláìsàn sọ.

Ọfà kékeré ojú láptọ̀ọ̀pù lọ, ó tẹ àná. Àkọlé pupa yọ.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ọwọ́ ló..." Ó yíjú wo aláìsàn náà. Ó mọ ohùn yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ti pa á lẹ́nu mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù tó ju márùn-ún lọ.

"Ó máa wá tẹ ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́wàá."

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ gbá ọwọ́ ọkùnrin náà mú, ó gbé e kúrò lórí máòsì. Ọfà ń bá tirẹ̀ lọ. Ó tẹ ọjọ́ Ẹtì, ó tẹ aago mẹ́wàá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ.

"Ta ló ń tẹ̀ ẹ́?" ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bi ọkùnrin náà.

"Ó ti mọ iṣẹ́ náà ni, mà."

Ó já ọwọ́ gbà, ó fò dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn tó sún mọ́ ọn jù lọ. Kọ́bọ́ọ̀dù ni. Àárín àwọn eyín àtọwọ́dá ló dúró sí títí wọ́n fi kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́.

Ó jẹ́wọ́ ní àgọ́, ó sì fọwọ́ síwèé. Wọ́n bi í ìdí tó fi jẹ́ fídíò yẹn ló jí. "Ohùn rẹ̀ ṣeé fọkàn tán ni," ló wí. Wọ́n bá àsansílẹ̀ àwọn èèyàn nílé rẹ̀. Onígbàjámọ̀ mí kanlẹ̀.

Apòògùn kò lè gbójú sókè. "Dákun, ọmọ mi, má bínú."

"Níbi tí ẹ ti pè mí lólè ni kí ẹ ti sọ ọ́, mà."

Apòògùn sì sọ ọ́ lórí gúrúùpù náà, lóhùn ara rẹ̀: ẹni tí òun ṣẹ̀, bí òun ṣe ṣẹ̀ ẹ́, àti pé kí ẹni tó bá fẹ́ fídíò tó dáa lọ bá a. Ìyá oní-fídíò, tí ìtìjú ti sé mọ́lé láti ọjọ́ àkọ́kọ́, gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ó wọ bàtà, ó gbé fóònù dání, ó gbé ohùn apòògùn inú rẹ̀ sókè dé ìpẹ̀kun, ó sì rọra rin gbogbo àdúgbò já.