Ẹni Tó Gbé Màmá Gbẹ̀yìn

Òjò ọ̀sán Sátidé ló kó wọn jọ sábẹ́ páànù ìsọ̀ kan ní ojú ọjà Dassa. Josiane gbá ẹrù aṣọ rẹ̀ mọ́ àyà, ó ń wo bí àgbàrá ṣe ń ya wálẹ̀ láti ara òkè, nígbà tí ó rí ọkùnrin kan tó tiro bọ́ sínú omi. Abọ́ ìyá kan tó ń ta wàgásì, wàrà àwọn Fúlàní, ni àgbàrá ń gbé lọ. Ọkùnrin náà ń tiro tẹ̀ lé e, ó ṣubú, ó dìde, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbá abọ́ náà mú kí ó tó wọ gọ́tà. Wàgásì kan ṣoṣo ló kù nínú rẹ̀. Ó gbé e fún ìyá náà bí ẹni ń gbé ọmọ tuntun fún ìyá ọmọ, ẹrẹ̀ ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀.

Josiane rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ti pẹ́ gan-an tí ó ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

"Fòfó, ẹ kú iṣẹ́," ó ní, bí wọ́n ṣe ń pe ọkùnrin tó junni lọ ládùúgbò náà. "Nítorí wàgásì kan ni ẹ ṣe wẹ̀ nínú ẹrẹ̀?"

"Bí mo bá mọ̀ pé ẹnì kan ń wò mí," ọkùnrin náà dáhùn, "ǹ bá ti ṣubú lọ́nà tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Wọ́n dúró síbẹ̀ títí òjò fi dá. Ó sọ fún un pé Armel ni orúkọ òun, pé òun ń tún alùpùpù ṣe lójú ọ̀nà Kèrè. Josiane náà sọ pé aṣọ ni òun ń rán, pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ darí dé láti Parakou láti wá tọ́jú bàbá òun. Kò sọ pé ìyá òun ti kú. Ọkùnrin náà kò sọ ohun tó ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀. Àmọ́ ní gbogbo ọ̀nà títí ó fi dé ilé wọn ní Lèma, ẹ̀rín ń bọ́ lẹ́nu Josiane láìsí ẹni tó bá a sọ̀rọ̀.

Ilé ìjọsìn àwọn Onítẹ̀bọmi ní Lèma kò tóbi. Bíríkì amọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ sí ìsàlẹ̀ àpáta, àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kì í sì í kún orí àga. Àgùdà ni ọ̀pọ̀ ará àdúgbò náà. Nígbà tí èrò bá ń wọ́ lọ gbàdúrà sí Màríà ní ihò Arígbo lọ́dọọdún, ẹnikẹ́ni kì í gbọ́ orin àwọn Onítẹ̀bọmi. Síbẹ̀ wọ́n mọ ara wọn. Bí ẹnì kan bá ń ṣàìsàn, àwọn yòókù á lọ bá a kọ ebè. Ignace, bàbá Josiane, ni díákónì wọn, òun ni wọ́n sì máa ń sá bá bí ìjà bá dé.

Lọ́jọ́ kejì òjò yẹn, Josiane wà láàárín àwọn akọrin nígbà tí Armel yọ lẹ́nu ọ̀nà. Ó fi ìwé orin bo ẹnu rẹ̀. Ó rò pé nítorí òun ló ṣe wá.

Nígbà tí Pásítọ̀ Josué ní kí àlejò dìde kí ìjọ kí i, Armel kò dúró síbi tó wà. Ó tiro dé iwájú pátápátá, ó wólẹ̀ síbi ẹsẹ̀ díákónì.

"Èmi ni zémidjan tó fi alùpùpù gbé ìyàwó yín, Màmá Perpétue, lọ́jọ́ tí ó kú," ó ní. "Mo sáré jù. Bàbá, mo wá bẹ̀ yín."

Nígbà tí ó gbé ojú sókè ni ó tó rí Josiane lórí àga àwọn akọrin. Ẹnu rẹ̀ là, kò sì lè pa á dé.

Ignace jókòó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó fa ọkùnrin náà sókè, ó ní, "Mo dárí jì ọ́, ní orúkọ Jésù." Igbe ẹkún sọ. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ orin láìdúró de ẹni tó máa dá a. Pásítọ̀ Josué ní láti ìgbà tí òun ti ń wàásù, òun kò rí irú ìwà Kristẹni báyìí rí.

Josiane nìkan ni kò sunkún. Ó gbé ìwé orin rẹ̀ sílẹ̀, ó sì gba ẹ̀yìn jáde.

Ìròyìn náà tàn dé Akofodjoulè. Àwọn ìjọ mìíràn ń pe Ignace kí ó wá sọ bí ó ṣe dárí ji ẹni tó pa ìyàwó rẹ̀. Ó ń lọ, ó ń sọ ọ́, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un. Armel dúró nínú ìjọ náà. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, wọ́n sì rì í bọmi nínú odò. Bí ó bá kí Josiane, Josiane á wo ibòmíràn. Ohun tó ń dùn ún jù ni pé ó ti bá ọkùnrin yìí rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì dùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ó lọ gbá ilé ìjọsìn, ó bá Armel níbẹ̀, ó ń kan ẹsẹ̀ àga tó yẹ̀. Ọkùnrin náà kó irinṣẹ́ rẹ̀ láti jáde fún un. Josiane dúró sí ẹnu ọ̀nà.

"Kí ni ìyá mi sọ kẹ́yìn?"

Ẹnikẹ́ni kò tíì sọ fún un. Nígbà ìsìnkú, ìfẹ́ Ọlọ́run ni gbogbo ènìyàn ń sọ. Armel jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní Màmá Perpétue ń kọrin lẹ́yìn òun bí wọ́n ṣe ń lọ. Ó ní Màmá sọ pé ohùn òun kò tó ti ọmọ òun tó wà ní Parakou. Nígbà tí Màmá sọ pé eré náà ti pọ̀ jù, òun Armel dá a lóhùn pé kí ó má bẹ̀rù. Ọkọ̀ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ kan wà níwájú, òun sì fẹ́ kọjá rẹ̀.

"Nígbà tí a wà nílẹ̀, ó ṣì di ẹ̀wù mi mú," Armel ní. "Ó bi mí bóyá mo fara pa. Òun ló ń bi mí. Ẹsẹ̀ mi ti ṣẹ́, ṣùgbọ́n mo ní rárá, Màmá. Ó ní, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Kò sọ̀rọ̀ mọ́."

Josiane sunkún tí ó fi fara ti ògiri. Ó ní, "Mo kórìíra rẹ."

"Mo mọ̀."

"Tún un sọ. Bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó ti ń kọrin."

Báyìí ni ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Josiane ń lọ sí ìsọ̀ Armel lójú ọ̀nà Kèrè, ó ń gbé àkàsà lọ fún un, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ń sọ̀rọ̀ aṣọ tí kò bá oníbàárà mu, àti ti àwọn tó ń gun alùpùpù láìní búrékì. Nígbà tí Josiane kọ́kọ́ tún fi ọ̀rọ̀ wàgásì ọjọ́ òjò yẹn ṣe é ní yẹ̀yẹ́, ẹ̀rù ba àwọn méjèèjì. Wọ́n wo ara wọn bí ẹni tó jí nǹkan. Josiane bi ara rẹ̀ léèrè bóyá àánú ni. Kì í ṣe àánú. Bí ó bá gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń tiro bọ̀, ara rẹ̀ á balẹ̀.

"Josiane, olólùfẹ́ mi," Armel sọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, "mi ò lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè rẹ."

"Ta ló ní kí o bèèrè?" ó dáhùn. "Èmi ni mò ń bèèrè."

Pásítọ̀ Josué fúnra rẹ̀ ló mú Armel lọ tọrọ Josiane lọ́wọ́ Ignace. Díákónì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán.

"Mo ní mo dárí jì í," ó ní. "N kò ní kí ó wá di ọmọ nínú ilé mi."

"Díákónì, irú ìdáríjì wo wá ni ìyẹn?"

"Bóyá kì í ṣe ìdáríjì," ni Ignace wí.

Ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, òun ló yẹ kí ó gbé àkàrà yí ìjọ ká. Ó gbé àwo náà, ó tún gbé e kalẹ̀. Ó yíjú sí ìjọ, ó ní òun ti purọ́ fún wọn. Ó ní ẹnu òun ló dárí ji Armel, inú òun kò tíì ṣe é, òun sì ti ń gba àtẹ́wọ́ fún ohun tí òun kò ní. Ó ní kí wọ́n wá díákónì mìíràn. Ó jáde láìjẹ nínú àkàrà náà.

Ó yẹ kí ìjọ náà fẹ́ràn rẹ̀ sí i nítorí òtítọ́ yìí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti fi ìdáríjì rẹ̀ ṣe ògo ara wọn, ojú wá ń tì wọ́n lójú àwọn Àgùdà. Nítorí kò ṣeé ṣe kí wọ́n bínú sí àgbà, wọ́n bínú sí ọmọ. Àwọn akọrin fi àyè sílẹ̀ láàárín ara wọn àti Josiane. Tantí Euphrasie, àbúrò bàbá rẹ̀, tó tọ́ ọ ní kékeré, sọ lójú rẹ̀ pé orí sàréè ìyá rẹ̀ ló fẹ́ tẹ́ ẹní ìgbéyàwó sí. Nígbà tí iṣu Armel tó ebè, ẹnikẹ́ni kò lọ bá a kọ ọ́. Pásítọ̀ Josué, tí kì í ṣe ènìyàn búburú, bẹ Josiane àti Armel pé kí wọ́n ní sùúrù títí àlàáfíà yóò fi padà. Ó sọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ kan, kò sì lè wo ojú wọn.

Armel bẹ̀rẹ̀ sí í kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò. Ó ní òun ní ọ̀rẹ́ kan ní Savè.

"Ìjọ yín wà ní ìṣọ̀kan kí n tó dé," ó sọ fún Josiane. "Bí mo bá lọ, wọ́n á tún padà rí bẹ́ẹ̀."

"Irọ́ ló so wá pọ̀ nígbà yẹn," Josiane ní. "Dúró dè mí. Mò ń lọ bá Bàbá."

Inú oko ẹ̀gẹ́ ló ti bá bàbá rẹ̀. Ignace ti rù. Josiane kúnlẹ̀ sínú ebè. Ó ní bí ó bá ní kí òun má fẹ́ ẹ, òun kò ní fẹ́ ẹ, òun kò sì ní bínú.

Bàbá náà fi ọkọ́ rẹ̀ ti ara.

"N kò ní sọ bẹ́ẹ̀," ó ní. "Bí mo bá sọ ọ́, ìkórìíra ló sọ ọ́, n kò sì fẹ́ kí ìkórìíra mi yan ọkọ fún ọmọ mi. Ọmọ dáadáa ni. Mo mọ̀ pé ọmọ dáadáa ni. Fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n n kò ní wá síbẹ̀."

"Ṣé títí láé ni, Bàbá?"

"N kò mọ̀. Mò ń gbàdúrà lójoojúmọ́. Títí di òní, bí mo bá rí i tí ó ń tiro, mo máa ń bi Ọlọ́run pé kí ló dé tí ó fi jẹ́ ẹsẹ̀ nìkan." Ó ju ọkọ́ náà sílẹ̀. "Irú ènìyàn tí bàbá rẹ jẹ́ nìyẹn. Má jẹ́ kí wọ́n tún parọ́ fún ọ nípa mi."

Josiane di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, àwọn méjèèjì sì sunkún láàárín ẹ̀gẹ́, láìsí ẹni tó lè tu ẹnì kejì nínú.

Wọ́n fọwọ́ sí ìwé ní mairie, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, lẹ́yìn náà Pásítọ̀ Josué so wọ́n pọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ kan, nítorí àwọn àgbà ìjọ kò yọ̀ǹda Sátidé. Àwọn tó wá kò kún àga méjì. Àwọn akọrin kò wá. Josiane fúnra rẹ̀ ló dá orin ìgbéyàwó rẹ̀. Armel gbè é, ohùn rẹ̀ sì yà kúrò lójú orin débi pé ìyàwó fi ìbòjú bo ẹ̀rín. Pásítọ̀ gbàdúrà fún wọn pẹ̀lú omijé, ó sì ní kí wọ́n dárí ji òun. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Kò sí èyí nínú wọn tó fẹ́ fi ẹnu lásán sọ pé òun dárí jì í.

Josiane kò lè lọ sílé ọkọ láìkí bàbá rẹ̀. Wọ́n bá a níwájú ilé, ó ń yin àgbàdo sínú abọ́. Armel dúró sí etí ọ̀nà, ó dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀ nínú aṣọ funfun rẹ̀. Ignace kò wo ibẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé orí ọmọ rẹ̀, ó gbàdúrà fún un pé kó bímọ, kó jẹ èrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kó dàgbà dàgbà. Ó dárúkọ ìyá rẹ̀ nínú àdúrà náà. Kò dárúkọ ọkọ. Lẹ́yìn náà ó tún mú àgbàdo mìíràn.

Josiane dìde, ó lọ fa ọkọ rẹ̀ sókè, ó gbọn eruku kúrò láyà aṣọ rẹ̀. Wọ́n kọjú sí ọ̀nà. Wọn kò tíì jìnnà tí wọ́n fi gbọ́ ohùn bàbá náà lẹ́yìn wọn, bí ẹni pé ẹnì kan fà á jáde lọ́fun rẹ̀.

"Kí Ọlọ́run sìn yín délé."

Josiane dúró. "Yín" ló gbọ́. Bàbá rẹ̀ kò sì fi "yín" bá òun nìkan sọ̀rọ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun.

Armel fẹ́ yíjú padà, kó tún dọ̀bálẹ̀. Josiane di ọwọ́ rẹ̀ mú gírígírí.

"Má wẹ̀yìn," ó sọ ní jẹ́jẹ́. "Ó ń sunkún. Jẹ́ kí ó sun ún tán."

Wọ́n sì ń lọ.