Ohùn Àbúrò Mi

"Ẹ̀yin olólùfẹ́ wa, ẹ gbọ́, ẹ gbọ́! Màmá ti jókòó sídìí ẹ̀rọ! Wọ́n ti fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́! Wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé e! Ó ń lọ, ó ń lọ, ó ń… yéè! Òwú já!"

Àbúrò mi obìnrin ló dúró sórí àpótí kan, tó ń pariwo sínú ṣíbí bíi sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò. Ọmọ ọdún méje ni. Màmá wa, tó jẹ́ pé iṣẹ́ télọ̀ ni wọ́n ń ṣe, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Èmi náà di ikùn mú. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ la ń pè é nílé. Bó bá jí láàárọ̀, ẹnu rẹ̀ á ti jí ṣáájú ojú rẹ̀.

Àmọ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣáà ti kan ẹnu ọ̀nà ilé ìwé, ẹnu náà á pa dé bíi pé wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Kì í kí olùkọ́, kì í tọrọ omi, kì í tilẹ̀ sunkún síta. Odidi ọdún kan ló ti lò níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Bí wọ́n bá bi í ní nǹkan, ara rẹ̀ á le gbagidi, á kàn ranjú. Àwọn kan ní agídí ni. Àwọn kan ní Màmá ló kẹ́ ẹ bà jẹ́. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ kúkú sọ ọ́ ní Odi.

Ọgbà kan náà ni alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wọn àti sẹ́kọ́ńdírì wa wà. Ọdún kẹrin ni mo wà nígbà náà. Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì wa tí a ń pè ní Ọ̀gá Ariwo, nítorí kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí mo ṣe wọlé báyìí, ló figbe ta: "Ẹ yà fún un, ẹ̀gbọ́n Odi ti dé!"

"Àbúrò mi kì í ṣe odi! Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ nílé, etí yín á di!"

"Irọ́ ńlá! Mú ẹ̀rí wá ká gbọ́. Tó bá jẹ́ òótọ́, èmi ni màá máa gbé báàgì rẹ títí tẹ́ẹ̀mù yìí á fi parí."

Gbogbo kíláàsì hó yèè. Ara mi gbóná. Mo mọ̀ pé àbúrò mi kò ní fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí wọ́n hó fún mi lọ́jọ́ kejì ju bí wọ́n ṣe hó fún Ọ̀gá Ariwo lọ. Nígbà tí mo délé, mo mú fóònù àtijọ́ Bàbá, mo fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo sì gba ohùn ọmọ náà sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí a jáde ṣeré, mo tẹ fóònù. "Ẹ̀yin olólùfẹ́ wa!" Wọ́n hó lóòótọ́! Wọ́n gbé mi sókè! Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Ọ̀gá Ariwo ti já fóònù gbà, ó ti sáré dé abẹ́ igi tí àbúrò mi ti ń jẹ bisikíìtì. "Odi ti sọ̀rọ̀ o! Odi ti sọ̀rọ̀!"

Ọmọ náà gbọ́ ohùn ara rẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀ èrò. Kò wo Ọ̀gá Ariwo. Èmi ló wò. Bisikíìtì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìtọ̀ sì ń ṣàn lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kì í ṣe é kó. Láti ọjọ́ náà, àbúrò mi kò sọ̀rọ̀ nílé mọ́. Ilé wa dákẹ́ débi pé à ń gbọ́ aago ara ògiri. Lọ́jọ́ karùn-ún, Màmá rán apá aṣọ oníbàárà kan mọ́ ọrùn aṣọ náà. Ìgbà yẹn ni mo kúnlẹ̀ tí mo jẹ́wọ́.

Wọn kò nà mí. Wọ́n kàn ní, "Ìwọ ló fọkàn tán jù láyé yìí. O wá tà á nítorí ẹni tí yóò bá ọ gbé báàgì."

Bàbá ti ṣọ́ọ̀bù káfíńtà wọn pa, wọ́n kó wa lọ sọ́dọ̀ dókítà obìnrin kan tó ń tọ́jú ọkàn àwọn ọmọdé. Dókítà náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń bá àbúrò mi ya àwòrán láìbi í ní ohunkóhun. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí wa.

"Ẹ̀rù ni, kì í ṣe agídí. Ṣé ẹ mọ bí ọ̀fun ṣe máa ń gan nígbà tí ẹ̀rù bá bani gan-an? Bó ṣe ń ṣe é nílé ìwé lójoojúmọ́ nìyẹn. Ìṣòro tí a mọ̀ ni, ó sì ní ìtọ́jú. Ẹ má dá ara yín lẹ́bi."

"Ṣé kí n máa fọwọ́ líle mú un ni, Dókítà?" Bàbá béèrè.

"Rárá o, sà. Ẹ má fipá mú un, ẹ má sì bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ̀rọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni."

Bàbá wa mi orí wọn. "Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Nígbà tí a padà délé, mo kúnlẹ̀ fún àbúrò mi. Èmi ẹ̀gbọ́n! "Jọ̀ọ́, má bínú." Ó wò mí títí. Ó wá fẹnu sí mi létí, ó ní, "Ẹ má gba ohùn mi mọ́."

Ọ̀rọ̀ mẹ́fà péré! Mo fò sókè bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí ilé ìwé bá ti ṣíwọ́, èmi àti Màmá á bá a wọ kíláàsì rẹ̀ tó ti ṣófo, a ó ti ilẹ̀kùn, a ó máa ta lúdò. Lọ́sẹ̀ kìn-ín-ní, ó ń sọ wúyẹ́wúyẹ́. Lẹ́yìn náà a ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni olùkọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, tí wọ́n á kọ ẹ̀yìn sí wa, tí wọ́n á máa máàkì ìwé bíi pé a kò sí níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo dọ́gbọ́n sún ọmọ lúdò mi kọjá ibi tó yẹ.

"Òjóró!" Àbúrò mi lọgun. "Ẹ̀gbọ́n mi, òjóró lẹ ṣe yẹn!"

Bírò olùkọ́ dúró lórí ìwé. Wọn kò yíjú padà, ṣùgbọ́n mo rí i tí èjìká wọn ń gbọ̀n. Ẹ̀rín ni àbí ẹkún, mi ò mọ̀.

Mo sọ gbogbo ohun tí dókítà wí fún Ọ̀gá Ariwo. Ó dorí kodò. "Mi ò mọ̀ pé ẹ̀rù ni." Láti ìgbà náà, ẹni tó bá pe ọmọ náà ní Odi, òun ló ń kọ́kọ́ bá a wí.

Ó wá di òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ní oṣù kẹrin tí a ti bẹ̀rẹ̀. À ń ṣe ìṣirò lọ́wọ́ nígbà tí mo rí olùkọ́ àbúrò mi lójú fèrèsé, tí wọ́n ń sáré bọ̀ la pápá já, bàtà lọ́wọ́.

"Ó dá mi lóhùn!" Wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Mo pe orúkọ rẹ̀ nínú ìwé orúkọ kíláàsì. Ó ní, 'Mo wà níbí, mà!' Gbogbo kíláàsì ló gbọ́ ọ!"

Mo fo tábìlì! Gbogbo wọn dìde, wọ́n la ẹnu láti hó.

Mo yára na ọwọ́ sí wọn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo! Ẹ má jẹ́ kó gbọ́, kẹ́rù má tún bà á!"

Ogójì ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè láìsí ariwo, ọwọ́ wọn lókè, ẹnu wọn là sílẹ̀. Ọ̀gá Ariwo fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu ara rẹ̀, omi sì ń dà lójú rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ohun tí mo kọ́ rèé. Mo fi àṣírí ẹni tó fọkàn tán mi ra ìyìn lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Ìyìn náà kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún, oṣù mẹ́rin ló sì gbà wá láti tún ohun tí mo bàjẹ́ ṣe. Bí ẹ bá rí ọmọ tí ìwà rẹ̀ kò yé yín, ẹ má yára pè é ní alágídí, ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ béèrè ohun tó ń ṣe é, kí ẹ sì sọ fún àgbà tó lè mú un dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ ìtọ́jú rẹ̀. Ọmọ tí kò sọ̀rọ̀ kì í ṣe ọmọ tí kò ní ọ̀rọ̀.