Ọwọ́ Mẹ́rin Lórí Sítíárìn

“Fà á, Péjú! Fà á sọ́dọ̀ rẹ!”

Adépéjú ki ọwọ́ méjèèjì mọ́ sítíárìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ bàbá rẹ̀, ó sì fà á bí ẹni ń fa màlúù tó takú. Jíìpù náà rọra yí ojú kúrò níbi kòtò, ó padà sójú ọ̀nà. Àwọn obìnrin ọlọ́jà tó jókòó sórí àga gbọọrọ ẹ̀yìn bú sẹ́rìn-ín.

“Bàbá Péjú, ṣé ọmọ yín náà ti di dẹ́rẹ́bà ni?” Ìyá Salamot ló béèrè bẹ́ẹ̀. Iyọ̀ àti ọṣẹ ló ń tà, ẹnu rẹ̀ kì í sì í gbófo lójú ọ̀nà.

“Mo ń kọ́ ọ lọ́kọ̀ ni,” Lazarus dáhùn. “Ṣé àwọn obìnrin kì í wakọ̀ n'Ílọrin ni?”

Irọ́ gbuu ni. Péjú ò kọ́ ọkọ̀ kankan. Nígbà tí òjò ọdún náà bẹ̀rẹ̀, ẹrẹ̀ ojú ọ̀nà Ìdòfin sí Ọ̀sì a máa gbé jíìpù náà mì títí dé ikùn. Lazarus, ọkùnrin olórí kunkun, lọ ra àwọn sípíríǹgì ńlá, ó dè wọ́n sábẹ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ọkọ̀ ga sókè gan-an, ó di pé àwọn obìnrin ń gun àpótí kí wọ́n tó lè wọlé. Gbogbo ará Ìdòfin, ìlú wọn, jáde wá wò ó. Ẹrẹ̀ ò sì tún dá a dúró mọ́.

Àmọ́ láti ọjọ́ náà ni sítíárìn ti ya pòkíì. Bó o bá yí i ní kọ́nà, kì í padà fúnra rẹ̀, lójú ọ̀nà tó nà tààràtà pàápàá, ọkọ̀ ń rìn bí ẹni mu ẹmu yó, á yà síhìn-ín, á yà sọ́hùn-ún. Lazarus ti já bọ́ láti orí igi obì rí, ọwọ́ òsì rẹ̀ ò sì lágbára mọ́. Ìdí nìyẹn tí Péjú fi ń bá a fà á.

Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ Abdulkadir, mẹ́káníìkì tó wà l'Ọ́sì. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ, ó pẹ́ kó tó jáde. Péjú dúró níbẹ̀ pẹ̀lú báàgì ìwé rẹ̀.

“Bàbá, ẹ gbé ọkọ̀ sókè, ẹ ò tún ìyókù ṣe,” Abdulkadir sọ. “Irin tó gbé táyà iwájú ti yíjú, ọ̀pá tí sítíárìn fi ń darí táyà sì ti dagun. Màá ní kí wọ́n gé irin pẹlẹbẹ méjì wá fún mi láti Ìlọrin, èyí tí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ nípọn ju èkejì lọ. Tá a bá fi há abẹ́ sípíríǹgì, tá a sì tún ọ̀pá yẹn ṣe, sítíárìn á máa padà bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Kó tó dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó èèyàn.”

“Ta ni yóò wá kó wọn?” Lazarus bi í. Nígbà tí wọ́n ń padà lọ sílé, ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, “Ọ̀rọ̀ Abdulkadir yẹn, àárín wa ni kó mọ.”

“Mo ti gbọ́, Bàbá.”

Kò ṣòro fún Péjú láti pa á mọ́. “Ọmọ Oníjíìpù” ni wọ́n ń pè é nílé ẹ̀kọ́, orúkọ náà sì ń dùn mọ́ ọn ju bó ṣe lè jẹ́wọ́ lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò àṣekágbá dé. Òjò ti rọ̀ ní ìdájí, gbogbo ọ̀nà ń yọ̀. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ l'Ọ́sì, Péjú ní láti sọ̀ kalẹ̀, kí bàbá rẹ̀ sì dá kó àwọn ọlọ́jà lọ sí Ọ̀bbọ̀-Ilé. Lazarus wo àga tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Máa lọ, ọmọ mi. Ọ̀bbọ̀-Ilé ò jìnnà. Màá rọra.”

Péjú mọ̀ pé bàbá òun kò lè dá a ṣe. Ó dúró gbagidi sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ìyá Salamot yọ orí láti ẹ̀yìn, kò sì rẹ́rìn-ín rárá.

“Péjú, ara mi ò balẹ̀ sí ọkọ̀ yìí láti ọjọ́ mélòó kan. Ìwọ lo máa ń jókòó níwájú. Sọ òótọ́ fún mi, ṣé nǹkan ń ṣe é? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí n sọ̀ kalẹ̀ níbí kí n fẹsẹ̀ rìn. Ẹsẹ̀ mi ṣì le.”

Lazarus ń wò ó nínú dígí. Salamot, ọmọ obìnrin náà tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Péjú, ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn, ó ń pè é pé aago ti fẹ́ lù. Bí Péjú bá la ẹnu, gbogbo ọlọ́jà yóò sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹgbẹ́ rẹ̀, ìtìjú yóò sì bá bàbá rẹ̀. Ojú ń tì í kí ọ̀rọ̀ tó jáde rárá.

“Kò sí nǹkan kan, Màmá. Ẹ fọkàn balẹ̀.”

“Ó dáa. Ọlọ́run á là yín lóye, ìwọ àti Salamot.” Obìnrin náà fà sẹ́yìn, ó jókòó. Ọkọ̀ lọ.

Iwájú Péjú gan-an ni Salamot jókòó sí nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Wọn ò tíì kọ̀wé dé ìdajì nígbà tí ọkùnrin kan sáré wọlé wá, ó sọ̀rọ̀ sí olùkọ́ létí. Olùkọ́ náà wo Péjú, ó wo Salamot, ó sì yí ojú sí ògiri. Ó fẹ́ kí wọ́n kọ ìdánwò wọn tán. Salamot ń kọ̀wé lọ fìrìfìrì. Nígbà kan, ó bojú wẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Péjú kò kọ ọ̀rọ̀ kan kún tirẹ̀ mọ́.

Jíìpù náà ti yí wọ kọ́nà tó sọ̀ kalẹ̀ sódò, sítíárìn ò padà, ọwọ́ kan ò sì lè dá a padà. Ó já sórí àpáta. Apá àwọn mìíràn kán, itan àwọn mìíràn yẹ̀. Ìyá Salamot ti kú kí wọ́n tó fà á jáde. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀.

Lazarus kò kú, àmọ́ kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ògiri ló ń kọjú sí láti àárọ̀ dalẹ́. Nígbà tí irin Ìlọrin dé, Abdulkadir tún jíìpù náà ṣe kí wọ́n lè rí ẹni tà á fún. Kò ju iṣẹ́ ọ̀sán kan lọ. Péjú ń wò ó bó ṣe ń fi ọwọ́ kan wà á gba ẹnu ọ̀nà wọn kọjá, sítíárìn ń padà wọ́ọ́rọ́wọ́, ó sì sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há.

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, ó lọ bá Salamot nílé wọn. Ó kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀. Salamot ò pariwo.

“Màámi bi ọ́?”

“Wọ́n bi mí.”

“O sì mọ̀?”

“Mo mọ̀.”

Salamot dìde, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Péjú kúnlẹ̀ síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹnikẹ́ni ò jáde sí i. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá pàdé lọ́nà Ọ̀sì, Salamot yóò kọjá sí òdìkejì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kàwé yìí, ẹni tó mọ̀ pé ewu ń bẹ níbì kan, tí wọ́n bi í, tó sì ní kò séwu, ó ti lọ́wọ́ nínú ohun tó bá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ì báà jẹ́ nítorí bàbá rẹ̀ ló ṣe parọ́. Ká ní Péjú sọ òótọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ojú ì bá tì í díẹ̀, wọn ì bá sì ti gbàgbé rẹ̀ kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán. Ẹ̀bi tó gbà dípò ìtìjú yẹn kò ní tán láéláé.