Ẹni Tó Ń Kọ̀wé Sínú Wàláà

Orí omi gbígbóná ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Sísì Ẹlẹ́rìn-ín, òṣìṣẹ́ inú bàálù, gbé ife omi gbígbóná lọ fún obìnrin kan, obìnrin náà sì wò ó bí ẹni wo olè.

“N ò bèèrè nǹkan kan o,” ó ní.

Kò tíì pa ẹnu dé tí ikọ́ fi gbé e. Ó wúkọ́ títí ojú rẹ̀ fi pọ́n, ló bá na ọwọ́ gba ife náà, ó mu ún tán. Lẹ́yìn ìyẹn kò wo Sísì lójú mọ́.

Inú wàláà ni Sísì ti rí i pé obìnrin náà ń fẹ́ omi gbígbóná. Tábúlẹ́ẹ̀tì ni ilé-iṣẹ́ wọn pè é nígbà tí wọ́n pín in fún wọn, ṣùgbọ́n àwọn tó ń lò ó sọ ọ́ ní wàláà, nítorí pé àyà ni wọ́n ń gbé e mọ́ bí ọmọ ilé-kéwú. Gbogbo ìjókòó bàálù ló wà lójú rẹ̀. Bí o bá fọwọ́ kan ọ̀kan, orúkọ ẹni tó ni ín á jáde, pẹ̀lú ohun tí òṣìṣẹ́ ti kọ nípa rẹ̀ rí: eléyìí kì í mu ṣúgà, tọ̀hún ń bẹ̀rù bí bàálù bá ń gbọ̀n, ẹ má ta ìyá yìí jí. Bí èrò bá pààrọ̀ ìjókòó, o gbọ́dọ̀ gbé orúkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e nínú wàláà, ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ á sì bá orúkọ lọ. Kí èrò lè gbádùn ni wọ́n ṣe ṣe é. Ó sì dára, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn.

Àmọ́ ohun tí ènìyàn ti fẹ́ rí ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ti Sísì ń sọ ohun tí ènìyàn máa tó fẹ́. Ẹ mú ìnujú lọ. Ó mú un lọ, kò tíì dúró tán tí ẹ̀jẹ̀ fi ya ní imú ọkùnrin tó jókòó níbẹ̀. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló ń fi orúkọ sí ohun tó bá kọ. Àwọn wọ̀nyí kò ní orúkọ. Sísì rí i, ó dákẹ́. Àwọn èrò ń yìn ín, ọ̀gá ń yìn ín. Ta ló máa ń fi ìyìn sílẹ̀ kó lọ máa wá ìdí ọ̀ràn?

Ọ̀sán ganrínganrín ọjọ́ kan ni àbúrò rẹ̀ wọ bàálù náà. Òun ni àbíkẹ́yìn. Bàbá wọn kú, ìyá tẹ̀ lé e. Sísì ló tọ́ ọ, nítorí rẹ̀ ni kò fi lọ́kọ. Kò ní ẹlòmíràn láyé. Ọmọkùnrin náà ń lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lókè òkun, kò wọ bàálù rí.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ó ní, “ṣé báyìí lẹ ṣe ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ayé? Nílé, bí ẹni tí kò léyín lẹ ṣe máa ń pa ẹnu mọ́.”

“Di bẹ́líìtì rẹ, aláìmoore.”

“Ẹ bá mi dì í. Ṣebí iṣẹ́ yín ni.”

Ó bá a dì í, ó sì yọ́ gbá a nípàkọ́ kí èrò má baà rí i.

Nígbà tí bàálù ti gòkè tó dúró déédéé, Sísì fọwọ́ kan ìjókòó àbúrò rẹ̀, lẹ́bàá fèrèsé.

*Ẹ fi aṣọ bò ó lójú.*

Òórùn kọfí ń bọ̀ láti ẹ̀yìn. Ọmọ ọwọ́ kan ń rẹ́rìn-ín níbì kan. Sísì fi àtàǹpàkò pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Kò parẹ́. Ó pa wàláà, ó tún un tàn. Ó ṣì wà níbẹ̀.

“Dìde,” ó sọ fún àbúrò rẹ̀ jẹ́jẹ́. “Bọ́ sẹ́yìn.”

“Kí ni mo ṣe? Mò ń wo ìkùukùu o.”

“Jọ̀ọ́. Mo bẹ̀ ọ́.”

Kò gbọ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ ẹnikẹ́ni rí. Ó dìde. Sísì mú un lọ sẹ́yìn pátápátá, ó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà kan.

Ó padà, ó bá bàbá arúgbó kan tó ń yọjú sí ìjókòó tó ṣófo náà.

“Ọmọ mi, ṣé mo lè jókòó síbí? Mo fẹ́ràn ojú fèrèsé.”

Sísì gbé wàláà mọ́ àyà.

“Ẹ jókòó, Bàbá,” ó ní, ó sì rẹ́rìn-ín sí i.

Ẹ bú u bí ẹ bá fẹ́.

Láti ìgbà náà, kò kúrò lẹ́bàá bàbá yẹn. Bí ó bá mí, Sísì á mí. Bí ó bá tẹ orí, àyà Sísì á já. Kò yà sẹ́yìn lọ wo àbúrò rẹ̀ rárá. Ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀ ní tìyẹn.

Ọ̀gá wọn, tí wọ́n ń pè ní Màdáàmù Létòlétò, wá tẹnu bọ̀ ọ́ létí.

“Kí ló ṣe ọ́ lónìí? O ṣí èrò nípò, o ò gbé orúkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Mo lọ gbé oúnjẹ àbúrò rẹ tí kì í jẹ ẹran síwájú bàbá yìí, ó ní ṣé òun jọ ewúrẹ́ ni.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Má dààmú. Mo ti bá ọ tún un ṣe. Mo ti gbé àbúrò rẹ lọ sẹ́yìn nínú wàláà.”

Sísì fọwọ́ kan ìjókòó bàbá. Ó mọ́ tónítóní. Ó fọwọ́ kan ti ẹ̀yìn. Orúkọ àbúrò rẹ̀ jáde. Lábẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí òṣìṣẹ́ máa ń kọ bí iṣẹ́ bá ti parí ló wà níbẹ̀.

*A ti ṣe é.*

Ó sáré. Ó kọ lu ẹsẹ̀ èrò, kò bẹ ẹnikẹ́ni.

Aṣọ ìbora bo ọmọkùnrin náà láti orí dé orúnkún. Ìyá àgbà gbé ìka lé ètè.

“Rọra o. Ṣebí ìwọ náà lo wá bò ó nísinsìnyí?”

“Èmi kọ́, Mà.”

Ìyá àgbà wo aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀ pẹ́.

“Ìwọ ni,” ó ní, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. “Aṣọ yìí ni. Ojú yìí ni. O tẹ̀ kọjá níwájú mi gan-an, igbáàyà rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn mí nímú.” Ó sún mọ́ ògiri. “Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé n ò gbọ́ èémí rẹ.”

Sísì gbé ọwọ́ lé aṣọ náà láyà. Bàálù ń lọ geere. Ó dúró, ó ń retí. Aṣọ náà kò gòkè, kò sì wálẹ̀.