Abẹ́rẹ́ Tó Fẹ́ Gba Ìyàwó Onígbàjámọ̀

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Onígbàjámọ̀ máa rí Aránṣọ, fìlà òtútù ni obìnrin náà dé sórí, nínú ooru tó ń mú kí ògiri pàápàá máa làágùn. Àga tó kẹ́yìn pátápátá ló jókòó sí, ní yàrá tí wọ́n ti ń fa omi ìtọ́jú jẹjẹrẹ sí èèyàn lára. Ó gbé báàgì ẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó dì í mú bí ẹni tó ń dúró de mọ́tò tí ò mọ̀ bóyá ó máa wá. Gbogbo àga yòókù ló ní ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́: ọkọ, ọmọ, àbúrò, aládùúgbò tó ń hanrun. Ẹ̀gbẹ́ tiẹ̀ ṣófo.

Ẹ fẹ́ bi mí pé kí ni onígbàjámọ̀ ń wá ní ọsibítù? Ọjọ́ ìtọ́jú ni, irun sì ń já. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ọkùnrin yìí á ti ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ pa, á gbé kílípà, á wá fá orí fáwọn aláìsàn lọ́fẹ̀ẹ́. Jẹjẹrẹ tó máa ń mú ọkùnrin nísàlẹ̀, níbi tí ìtọ̀ ń gbà, ló pa bàbá ẹ̀. Kí bàbá tó gbà kí wọ́n yẹ òun wò, ẹ̀pa ò bóró mọ́. "Ọ̀gá Orí" làwọn aláìsàn ń pe Onígbàjámọ̀ yìí. Kì í mú díńgí wá. Ó ní òun gan-an ni díńgí: tó bá fá ẹ tán, á sọ bó o ṣe rí fún ẹ, irọ́ tó dùn ju oyin lọ.

Màmá Nọ́ọ̀sì wọlé. Ohùn ẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé, òun fúnra ẹ̀ tẹ̀ lé e.

"Ìwọ onífìlà, ta lo bá wá? O mọ òfin ibí. Tí ò bá sẹ́ni tó máa sìn ẹ́ délé, mi ò ní so omi yìí mọ́ ẹ lára. Òòyì máa ń kọ́ èèyàn lẹ́yìn ẹ̀."

Aránṣọ wọ̀tún, ó wòsì. Ìyá ẹ̀ ti kú. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wà lókè òkun. Ọkùnrin tó ní òun máa fẹ́ ẹ ti sá lọ́jọ́ tí wọ́n gé ọmú ẹ̀ kan, kò tiẹ̀ dúró mú bàtà ẹ̀ kejì. Ló bá na ìka sí ọkùnrin tó ń nu kílípà lójú wíńdò.

"Ọkọ mi nìyẹn."

Gbogbo orí yí síbẹ̀. Kò sẹ́ni tí ò mọ̀ níbẹ̀ pé Ọ̀gá Orí ò níyàwó. Ọkùnrin náà gbójú sókè. Ó wo fìlà, ó wo ojú tó wà lábẹ́ fìlà, ó wo ìka tó nà sí i.

"Ṣó o ti jẹun ṣá?" ló wí. "Àbí ìjà àná la ṣì ń jà?"

Màmá Nọ́ọ̀sì yọ jígí ojú ẹ̀, ó nù ún, ó fi í sójú padà, ó so omi. Òfin ní kí èèyàn wà. Òfin ò ní kó mú ìwé ìgbéyàwó dání.

Omi yẹn ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń kánjú. Ìkán kan á kán, á ronú, òmíràn á tó kán. Ọ̀gá Orí fa àga súnmọ́ ọn.

"Ìyàwó mi, kí ni mo máa ń pè ẹ́ nílé?"

"Aránṣọ. Iṣẹ́ mi nìyẹn."

"Ìwọ ńkọ́, kí lò ń pè mí?"

"Mi ò tíì pinnu. O ò tíì hùwà."

Nígbà tó yá, ó ṣí fìlà fúnra ẹ̀. Irun tó kù lórí ẹ̀ dà bí oko tí ewúrẹ́ jẹ, tí ò jẹ tán. Ọ̀gá Orí fá a, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń gbá eruku kúrò lára ẹyin.

"Sọ òótọ́ o," Aránṣọ wí. "Báwo ni mo ṣe rí?"

Fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ yẹn, ọkùnrin náà ò rí irọ́ pa.

"Etí ẹ tóbi."

Aránṣọ bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ gan-an tí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún.

Bó ṣe di ọkọ ọjọ́ ìtọ́jú nìyẹn. Tí omi bá tán, á sìn ín délé, á gbé báàgì ẹ̀ kọ́ apá, á máa ṣe bí ẹni tí báàgì obìnrin ò tì lójú. Yàrá kan ni ilé Aránṣọ: bẹ́ẹ̀dì, maṣíìnì ìránṣọ, àga kan.

"Kí ló dé tí àga fi jẹ́ ẹyọ kan?"

"Ta ló ń bọ̀?"

Ọ̀gá Orí lọ jókòó sórí àpò àjákù aṣọ tó wà ní kọ̀rọ̀. Àjákù yẹn ni Aránṣọ fi ń rán tìmùtìmù kékeré fáwọn obìnrin tí wọ́n gé lọ́mú, kí aṣọ lè jókòó dáadáa láyà wọn. Látìgbà yẹn, orí àpò náà ni ìjókòó ẹ̀.

Ẹ dákun, ẹ máa gbọ́ o. Nínú ìtàn ìfẹ́, a ti rí olówó tó gba ìyàwó oníyàwó. A ti rí ìyá ọkọ tó ní òun ò fẹ́. Ti Onígbàjámọ̀ wa, abẹ́rẹ́ ló dojú kọ.

Torí wọ́n tètè rí kókó tó wà lọ́mú ẹ̀, ní ibi àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ tí Aránṣọ kàn yà sí nígbà tó ń gbé aṣọ lọ fún oníbàárà, ìtọ́jú ń yanjú. Omi tó le tán. Oògùn kan ló kù, òun náà sì ti kúrò ní omi.

"Abẹ́rẹ́ ni báyìí," Dókítà wí, inú ẹ̀ ń dùn bí ẹni tó bímọ. "Abẹ́ awọ la máa gún un sí. Kẹ́ ẹ tó sọ pé ó dùn yín, ó ti parí. Ẹ ò tún nílò ẹni tó máa sìn yín mọ́."

Gbogbo yàrá pàtẹ́wọ́. Aránṣọ náà pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ ẹ̀ ń pàtẹ́wọ́, ojú ẹ̀ ń wo àga tí Ọ̀gá Orí máa ń fà súnmọ́ ọn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, Ọ̀gá Orí gbé oúnjẹ dé nínú abọ́ olómorí. Àga tó kẹ́yìn ti ṣófo.

"Ó ti lọ," Màmá Nọ́ọ̀sì wí. "Abẹ́rẹ́ yá ju ẹsẹ̀ ẹ lọ."

Ó jókòó síbẹ̀, ó jẹ oúnjẹ náà fúnra ẹ̀. Kò ládùn. Ó ń sọ lọ́kàn ẹ̀ pé, ọkọ tí òfin fi joyè, tí òfin bá kúrò, kó gbé fìlà ẹ̀ máa lọ.

Aránṣọ náà ń sọ tiẹ̀ nílé. Pé àánú òun ló kàn ń ṣe Ọ̀gá Orí. Ta ló máa fẹ́ àyà àbọ̀? Ó ń wa maṣíìnì kíkankíkan, torí tó bá ti dáwọ́ dúró, ìdákẹ́jẹ́ yàrá yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Abẹ́rẹ́ ń wọlé, ara ń le sí i, irun ń hù, kò sì sẹ́ni tó máa sọ bó ṣe rí fún un.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lọ́mú ránṣẹ́ wá gba tìmùtìmù. Aránṣọ na ọwọ́ sí àpò àjákù. Ibi tí Ọ̀gá Orí máa ń jókòó sí ṣì tẹ̀ wọnú, ó rí kòtò bí ibi tí ajá sùn sí. Ọwọ́ ẹ̀ ò lè tú u. Ó dúró, ó wò ó. Ó wọ bàtà.

Ṣọ́ọ̀bù Onígbàjámọ̀ ò ní èrò. Lókè díńgí, ó fi ọ̀dà kọ ọ́ gàdàgbà: BÀBÁ, LỌ ṢÀYẸ̀WÒ. Aránṣọ wọlé, kò dé nǹkan kan sórí, ó jókòó sórí àga oníbàárà. Inú díńgí lójú wọn ti pàdé.

"Irun ẹ ò tíì tó fá," ọkùnrin náà wí.

"Mi ò wá fárun."

"Ṣé ara ò yá ni?"

"Ara yá."

"Mo rò pé o ò nílò mi mọ́."

"Mi ò nílò ẹ. Mo fẹ́ ẹ ni."

Kílípà ń kùn lásán lọ́wọ́ ẹ̀. Ó gbàgbé láti pa á.

"Ṣùgbọ́n," Aránṣọ nàka sí ohun tó kọ sókè, "èyí tó ò ń kọ sórí ògiri fún bàbá oníbàbá, ṣé ìwọ ti lọ?"

"Iṣẹ́ ni ò jẹ́..."

"Níbo ni iṣẹ́ ọ̀hún wà?"

Ọ̀gá Orí wo ṣọ́ọ̀bù tó ṣófo. Ó pa kílípà.

"Ẹ̀rù ń bà mí, Aránṣọ. Mo rí bó ṣe pa bàbá mi. Ó sàn kí n máa sọ fáwọn ẹlòmíì."

Aránṣọ di ọwọ́ tí ọkùnrin náà gbé lé e léjìká mú. "A jọ ń lọ lọ́la ni. Tá a bá ń bọ̀, a máa ra àga kejì. Ohun yòówù kí wọ́n rí, nílé mi lo ti máa jókòó gbọ́ ọ."

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́nu ọ̀nà ibi àyẹ̀wò àwọn ọkùnrin, ta ni wọ́n bá níbẹ̀ bí kò ṣe Màmá Nọ́ọ̀sì. Ó wo ọkùnrin tó ń làágùn bí ẹni tí wọ́n fẹ́ bẹ́ lórí.

"Ọ̀gá Orí! Ta lo bá wá?"

Ó na ìka.

"Ìyàwó mi nìyẹn."

Màmá Nọ́ọ̀sì yọ jígí ojú ẹ̀, ó nù ún.

"Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ la fẹ́ gbà lápá. Àyẹ̀wò yìí ò gba kẹ́nikẹ́ni sin èèyàn wá o."

"A mọ̀," Aránṣọ wí, ó sì fa àga kan súnmọ́ ọn.