Ìmọ́lẹ̀ Láti Ara Ògiri

Ọwọ́ òsì Yasir ni fèrèsé wà, ṣùgbọ́n nínú fọ́tò, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún rẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ mọ́ sí. Mo wo ojú kámẹ́rà mi, mo tún wo ọmọ náà lórí bẹ́ẹ̀dì. Lójú lásán, kò sóhun tó ṣe é. Oòrùn àárọ̀ ń gba fèrèsé wọlé, apá ọ̀tún ọmọ náà sì ṣú díẹ̀ bó ṣe yẹ kó rí. Inú fọ́tò nìkan ni nǹkan ti yí padà. Bẹ́ẹ̀, apá ọ̀tún yẹn, ògiri lásán ló wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa lọ ya ọmọ tuntun nínú ilé wọn. Mi ò kì í gbé iná dání, mi ò sì kì í lo fíláàṣì. Ìmọ́lẹ̀ tó bá gba ojú fèrèsé wọlé ni mo fi ń ṣiṣẹ́, torí kì í ta ọmọ lójú. Láti Ìkòròdú ni mo ti wá sí Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ náà, sí ilé kan tó kọ ẹ̀yìn sí ọ̀sà, tí òórùn ẹja yíyan láti Ọjà Olúwo ń fẹ́ wọ inú rẹ̀. Waliyah, ìyá ọmọ náà, ló pè mí. Zàíd ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ ojú omi, kò sí nílé. Òun àti ìyá ọkọ rẹ̀, Màmá Mùsílímátù, ni wọ́n jọ ń gbé.

"Àǹtí Tèmítáyọ̀, ẹ jọ̀ọ́, kó dáa o," Waliyah ti sọ fún mi kí n tó yọ kámẹ́rà jáde. "Àwọn méjì tó ṣáájú ẹ̀, inú yàrá yìí ni wọ́n kú sí. Kò sí èyí tó pé oṣù mẹ́rin. Mi ò ní fọ́tò wọn kankan. Mo ti ń gbàgbé ojú wọn."

Yasir náà ti ń sún mọ́ oṣù mẹ́rin.

Mo pa kámẹ́rà, mo tún un tàn. Mo pààrọ̀ lẹ́ńsì. Mo fa kọ́tìnì, mo tún un ṣí. Mo ní kí Waliyah gbé orí ọmọ náà sí ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Pàbó. Ibi yòówù ká kọjú rẹ̀ sí, ọ̀dọ̀ ògiri ni ìmọ́lẹ̀ inú fọ́tò ti ń wá. Mo fi fóònù mi yà á, bákan náà ni. Òógùn bò mí. Inú ń bí mi sí kámẹ́rà, ó ń bí mi sí ara mi. Ọmọ náà ò tiẹ̀ ràn mí lọ́wọ́. Mo pàtẹ́wọ́, mo ké bí ológbò, kò wojú mi. Ògiri yẹn ló tẹjú mọ́, tó ń fi ẹsẹ̀ jan bẹ́ẹ̀dì, tó ń rẹ́rìn-ín.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe ń ṣe é fáwọn èèyàn ni?" Omi ti lé ròrò sójú Waliyah. "Láti àárọ̀! Ẹ ò rí ẹyọ kan ṣoṣo yà?"

"Ẹ má bínú, Ìyá Yasir. Kámẹ́rà yìí ló ń dà mí láàmú."

Mo mọ̀ pé kò sí bí kámẹ́rà ṣe lè ṣe irú ìyẹn. Mo ní màá padà wá, mo sì bọ́ síta pẹ̀lú ìtìjú.

Nígbà tí mo délé, mo kó àwọn fọ́tò náà sórí kọ̀ǹpútà, mo fẹ̀ wọ́n lójú. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé ìmọ́lẹ̀ tó wà lára aṣọ funfun tí ọmọ náà sùn lé ní igun mẹ́rin, òjìji irin sì wà lóròó nínú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ni. Láàárín òjìji àwọn irin náà, òjìji mìíràn wà. Nínú fọ́tò àkọ́kọ́, orí ìka lásán ni. Nínú èyí tó tẹ̀ lé e, ọrùn ọwọ́ ti yọ. Nínú èyí tí mo yà kẹ́yìn, ó ti dé ìgbọ̀nwọ́, àwọn ìka náà sì ti fẹ́ẹ̀ kan etí ọmọ.

Kò sẹ́ni tó na ọwọ́ nínú yàrá yẹn. Ẹ̀yìn mi ni Waliyah wà ní gbogbo ìgbà tí mo ń ya fọ́tò.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo padà sí Ẹ̀pẹ́. Waliyah ń wẹ ọmọ lẹ́yìnkùlé, Màmá ni mo kọ́kọ́ fi àwọn fọ́tò náà hàn lórí fóònù mi ní pálọ̀. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n wò ó, wọ́n sì fìdí lélẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́.

"A ùsù bílláhì." Ó jáde lẹ́nu wọn bí èémí. "Ìyálé mi nìyẹn."

"Ìyálé yín, mà?"

"Fèrèsé ti wà lára ògiri yẹn rí. Ìyálé mi ò bímọ. Nígbà tí mo bí Zàíd, ìta ló máa ń dúró sí, á na ọwọ́ gba àárín irin wọlé, á ní kí n gbé ọmọ sún mọ́ òun kí òun fọwọ́ kàn án. Mi ò gbà. Lọ́jọ́ kan ó wọ inú ọ̀sà lọ, kò jáde mọ́. Àmọ́ ọwọ́ yẹn ò yéé wá. Ni bàbá Zàíd bá fi búlọ́ọ̀kù dí fèrèsé, wọ́n sì rẹ́ ẹ. A rò pé ó ti tán."

A ò mọ̀ pé Waliyah ti wà lẹ́nu ọ̀nà, tó gbé ọmọ dání nínú táwẹ́ẹ̀lì.

"Ẹ mọ̀," ó ní. Kò pariwo. "Màmá, ẹ mọ̀. Ọmọ àkọ́kọ́ kú, ẹ ní kí n ṣe sùúrù. Ìkejì kú, ẹ ní àmúwá Ọlọ́hun ni. Mo ní mo fẹ́ kó kúrò nínú yàrá yẹn, ẹ ní òun ló gba atẹ́gùn jù."

"Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé bí mi ò bá dárúkọ ẹ̀, kò ní í dáhùn."

Waliyah da aṣọ ọmọ sínú báàgì, ó pọn Yasir, ó sì bá mi lọ sí Ìkòròdú, sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin nítòsí Èbúté.

Nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, yàrá kékeré kan wà tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. A tẹ́ Yasir síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, mo sì yà á. Ìmọ́lẹ̀ wá láti ibi tó yẹ kó ti wá. Ọmọ náà wojú mi gan-an. Waliyah gba kámẹ́rà lọ́wọ́ mi, ó ń wo fọ́tò kan ṣoṣo yẹn, ó ń sunkún.

Ibẹ̀ ni fóònù rẹ̀ ti dún. Màmá ni. Waliyah tẹ̀ ẹ́ sí sípíkà kí àwa méjèèjì lè máa gbọ́.

"Ṣé ẹ ti dé?" Ohùn wọn lọ sílẹ̀ gan-an. "Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti lọ ni nǹkan ti ń gbá ògiri yẹn."

"Láti ìta?"

A gbọ́ ọ lẹ́yìn ohùn wọn. Gbì. Gbì.

"Inú yàrá ni, Waliyah. Ó ti wọlé kẹ́ ẹ tó gbé ọmọ lọ. Ọ̀nà tó máa gbà jáde ló ń wá."

Bí a ṣe ń gbọ́ ọ, ó dáwọ́ dúró. Ilẹ̀kùn kan dún gbàà nílé wọn ní Ẹ̀pẹ́, bí ìgbà tí ẹnì kan já jáde. A kàn ń gbọ́ bí Màmá ṣe ń mí.

Waliyah fò dìde, ó ti fèrèsé, ó fi kọ́tìnì bò ó. Yàrá ṣókùnkùn, mi ò lè ya fọ́tò kankan mọ́.

Yasir ti ń rìn báyìí. Waliyah máa ń pè mí pé kí n wá yà á, pé ẹyọ kan yẹn ò tó. Mo máa ń bi í bóyá ó ti ṣí fèrèsé. Á ní rárá. Èmi náà kì í sì í sọ pé kó ṣí i.