Àsíà Pupa tí A Pè ní Ààlè

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, àwa mẹ́fà la wà nínú ọkọ̀ ojú omi Jacob, atukọ̀ abà wa. À ń ti Abà Olóówu bọ̀, à ń sọdá dáàmù lọ sí òdìkejì, níbi tí a ti máa ń rí mọ́tò tó ń lọ Ẹ̀gbẹ́dá. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn yí omi náà ká, wákàtí kan àbọ̀ ni yóò gbà á. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ti Jacob láti ọjọ́ tó ti gbé ẹ́ńjìnnì sí ọkọ̀ rẹ̀. Ta ni yóò tún máa fi ẹsẹ̀ rìn?

Gbọ́njúbọ́lá lorúkọ mi. Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, Ìyá Tíṣà sì ni gbogbo abà ń pè mí. Àwọn tó ń polongo ààbò lórí omi ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, kí wọ́n lè máa kà á fún àwọn atukọ̀ àti àwọn èrò ọkọ̀. Wọ́n ní bí mo bá fẹ́, mo lè yọ ti ara mi kúrò nínú rẹ̀. Mo ní rárá o. Ẹnu mi wà nínú ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ ó sì gbọ́ ọ bó ṣe rí.

Ẹ̀yin ará oko, ẹ mọ ààlè. Bí èèyàn bá kó igi ìdáná jọ sẹ́bàá ọ̀nà, tí kò lè rù ú tán lẹ́ẹ̀kan, á so àkísà pupa mọ́ ọ̀pá, á gbé e lé e lórí. Ẹni tó bá kọjá á mọ̀ pé ẹrù náà ní olóhun. Lórí ilẹ̀, kò sí ìjà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní abà tiwa, a kì í pa ààlè sórí omi. Orí oko àwọn bàbá wa ni ìjọba sé omi náà lé, nítorí náà ti gbogbo wa ni, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ sọ pé ibì kan nínú rẹ̀ jẹ́ tòun nìkan. Lọ́dún tó kọjá, ọkùnrin kan ṣàdédé fi àwọ̀n sé ibú tí ẹja pọ̀ sí jù, díẹ̀ ló kù kí a fi igi là á lórí. Ìbínú ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì tán nínú wa.

A ti ń sún mọ́ ibú yẹn gan-an nígbà tí Jacob nawọ́ síwájú. Nǹkan kan léfòó lójú omi, ọ̀pá kan dúró lórí rẹ̀, aṣọ pupa sì ń fẹ́ lórí ọ̀pá náà. Ìlà funfun kan dá aṣọ náà kọjá, láti igun òkè dé igun ìsàlẹ̀. Ọkọ̀ àjẹ̀ kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ọkùnrin kan ṣoṣo ló jókòó sínú rẹ̀.

Jacob ní wọ́n tún ti dé. Ó ní lẹ́yìn gbogbo ariwo èṣí, ẹnì kan ṣì láyà láti wá pa ààlè sórí ohun àjùmọ̀ní. Alàgbà ni Jacob nínú ìjọ Àpọ́sítélì, ààlè kò bà á lẹ́rù rárá. Inú ló ń bí i. Ó ní òun máa fà á tu, òun á sì gbé e lọ síwájú baálẹ̀.

Èmi ńkọ́? Èmi tí mo fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwà sùúrù, mo ní, "Jacob, tẹná, kó má baà gbé e sá lọ." Títí di òní, ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí.

Jacob tẹná. Ọkọ̀ gbérí sókè, omi ń ta sí wa lára. Ọkùnrin inú ọkọ̀ àjẹ̀ dìde dúró, ó ń ju ọwọ́ méjèèjì, ó ń pariwo. Ariwo ẹ́ńjìnnì kò jẹ́ kí a gbọ́ ohun tó ń wí, àwa náà sì ti fún un ní ìtumọ̀ tiwa: a ní olóhun ààlè ló ń bínú. Ó wa ọkọ̀ rẹ̀ wá dábùú ọ̀nà wa. Jacob yí ọkọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, a sì kọjú sí aṣọ pupa náà gan-an.

Àjíkẹ́, ìyàwó Jacob, ló jókòó sí iwájú ọkọ̀. Ẹja ló ń yan tà, ojú rẹ̀ kì í sì í kúrò lára omi. Kì í ṣe ẹni tí ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kàn yíjú sí ọkọ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè.

"Bàbá Tèmídayọ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Omi ń hó níbẹ̀ yẹn. Nǹkan kan ń mí nísàlẹ̀."

Jacob pa á. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ó jẹ́ ọkùnrin tó ń gbọ́ ti ìyàwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi kò ní bíréèkì. Ẹ́ńjìnnì ti dákẹ́, ọkọ̀ ṣì ń sáré lọ, gbogbo wa ń wo ibi tí omi ti ń hó, a kò lè ṣe nǹkan kan. Jacob fi àjẹ̀ ti omi sẹ́yìn tagbáratagbára. A rọra yà gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá.

Ọwọ́ ènìyàn kọ́kọ́ yọ. Lẹ́yìn náà ni orí yọ, dúdú, dígí bo ojú rẹ̀, rọ́bà wà lẹ́nu rẹ̀, ìgò irin ńlá sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò jìnnà sí wa ju ọ̀pá méjì lọ. Nínú ọkọ̀ wa, ẹnì kan ń pe Jésù, ẹnì kejì ń pe Ọlọ́hun. Ọkùnrin náà yọ rọ́bà kúrò lẹ́nu, ó wò wá, ó bi wá pé, "Ṣé ẹ ti pa ẹ́ńjìnnì?"

A ní a ti pa á. Ó mí kanlẹ̀, ó wá kí wa pé ẹ káàárọ̀ o. Jacob jókòó sórí pákó, ó fi ọwọ́ bojú, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Inú gbogbo wa dùn ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ.

Nígbà tí a gúnlẹ̀, obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá àwọn ọkùnrin méjèèjì náà, Motúnráyọ̀, wá pàdé wa. Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú, a sì yẹ fún un. Kò bú wa. Ó ní Olúwadọ̀tun ni orúkọ ọmọkùnrin tó wà lábẹ́ omi, pé òmùwẹ̀ tó ń fi afẹ́fẹ́ inú ìgò mí ni, àti pé Lateef tó wà nínú ọkọ̀ àjẹ̀ ló ń ṣọ́ ọ. Koríko àti àpò ọ̀rá ló dí ẹnu páìpù tó ń fa omi lọ sílé àwọn ará ìlú, òun ni wọ́n wá tú.

Jacob bi í pé kí ló dé tí wọn kò sọ fún wa. Ó ní àwọn sọ fún baálẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n baálẹ̀ gbọ́ pé wọ́n fẹ́ yẹ omi wò, ó rò pé wọ́n á bu díẹ̀ sínú ike lọ ni. Motúnráyọ̀ gbà pé ẹ̀bi àwọn náà wà níbẹ̀: ó yẹ kí àwọn dé gbogbo èbúté, kí àwọn sì fi àsíà han àwọn atukọ̀ fúnra wọn.

"Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú, sà," ló wí fún Jacob. "A kì í gbé àsíà yìí sójú omi lásán. Ohun tó ń sọ ni pé ènìyàn wà nísàlẹ̀. Bí ẹ bá fà á tu, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín kò ní mọ̀, yóò gbá a mọ́lẹ̀."

Ó wá là wá lọ́yẹ̀. Ẹni tó wà lábẹ́ omi ń gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n kò lè mọ apá ibi tó ti ń bọ̀, kò sì lè sá. Kì í fìgbà gbogbo wà ní ìdí àsíà gan-an. Ó lè rìn jìnnà díẹ̀ sí i, ìdí nìyí tí kò fi dára kí ọkọ̀ máa rà bàbà ní tòsí rẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ irin tó ń yí lábẹ́ ẹ́ńjìnnì kò mọ ẹja yàtọ̀ sí ènìyàn.

Nítorí náà, ẹ̀yin atukọ̀, bí ẹ bá rí àsíà pupa tí ìlà funfun dá kọjá, ẹ jìnnà sí i tó gígùn pápá bọ́ọ̀lù kan. Àsíà aláwọ̀ búlúù àti funfun lára ọkọ̀ àwọn òmùwẹ̀, ohun kan náà ló ń wí. Bí ọ̀nà bá há tí ẹ kò rí ibòmíràn gbà, ẹ dín iná kù títí ọkọ̀ yóò fi máa rọra fà, kí ẹnì kan jókòó síwájú máa wo ibi tí omi ti ń hó. Ẹni tó bá ń juwọ́ sí yín, ẹ pa ẹ́ńjìnnì kí ẹ gbọ́ ohun tó ń wí. Ẹ̀yin èrò ọkọ̀, ẹ má ṣe bí mo ti ṣe. Ẹ má ti atukọ̀ sáré. Ẹ̀yin òmùwẹ̀ náà, ẹ jẹ́ kí ará abà mọ̀ kí ẹ tó wọ omi, ẹ má sì fi àsíà sílẹ̀ lójú omi nígbà tí ẹ bá ti gòkè tán, kí ojú wa má baà mọ́ ọn lásán.

Bí a ṣe dúró síbẹ̀ ni fóònù Olúwadọ̀tun dún. Ìyá rẹ̀ ni. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti jẹun, àti ìgbà tó máa délé. Ọmọkùnrin náà wo Jacob, Jacob wolẹ̀. Olúwadọ̀tun ní, "Iṣẹ́ ń lọ dáadáa, mà. Màá délé kí ilẹ̀ tó ṣú." Kò sọ ohunkóhun nípa wa.

Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá rí àsíà yẹn, ẹ jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ délé.